Kọ́kọ́ jẹ́ kí àwòṣe rẹ dúró nínú òkùnkùn: lẹ́tà sí ọmọ mi tó ń ṣírò sẹ́ẹ̀lì ojú

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o sì kú àìsùn. Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé o ti fẹ́ máa kọ kóòdù fún àwòṣe sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá, èyí tí a fi ń ríran lóru, àti pé títan ìmọ́lẹ̀ sí i ni o fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn ni kí o kọ́kọ́ kọ, nítorí inú òkùnkùn ni sẹ́ẹ̀lì yìí ti ń ṣe làálàá jù.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ihò kan máa ń ṣí lára rẹ̀. Sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù á máa gba ibẹ̀ wọlé, fóltéèjì rẹ̀ á sì dúró ní nǹkan bíi −40 mV. cGMP, kẹ́míkà kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń mú àwọn ihò náà ṣí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, rhodopsin, purotéènì tó ń gba ìmọ́lẹ̀, á jí purotéènì kejì tí ń jẹ́ transducin, transducin á jí ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ PDE, PDE á máa gé cGMP, ihò á padé, fóltéèjì á sì tún lọ sílẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ ń dín ìṣàn iná náà kù ni, kò fi kún un. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti mọ́ lára ló sábà máa ń kọ àmì yìí sódì.

Ọ̀pá ojú èkúté ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kálísíọ̀mù rẹ̀ nínú òkùnkùn, fi sí 320 nM (nM àti µM ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi; 1000 nM ni 1 µM). Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cGMP lè ṣe 150 µM ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí kálísíọ̀mù kò bá dí i lọ́wọ́. Kálísíọ̀mù 80 nM á dín in kù dé ìdajì, pẹ̀lú agbára 1.5. Mú bébà, má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Fi 80 pín 320, ó jẹ́ 4. 4 ní agbára 1.5 jẹ́ 8. Fi 1 kún un, ó di 9. Fi 9 pín 150, o rí 16.7 µM ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kódà láìsí ìmọ́lẹ̀, PDE díẹ̀díẹ̀ ń jí fúnra wọn, wọ́n sì ń gé cGMP ní ìwọ̀n 4.1 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi 4.1 pín 16.7, cGMP rẹ á jẹ́ 4.07 µM. Kóòdù ni kó máa ṣírò nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀. Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí o bá yí iye kan padà, èyí tí o fọwọ́ tẹ̀ kò ní bá a yí.

Ihò náà ńkọ́? cGMP 20 µM ló ń ṣí ìdajì wọn, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 3. 4 nínú 20 jẹ́ 0.2, 0.2 ní agbára 3 jẹ́ 0.008. Ìyẹn ni pé nínú 1000 ihò, bíi 8 péré ló ṣí nínú òkùnkùn. Má bẹ̀rù rẹ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Agbára 3 yìí náà ló fà á tí ìṣàn iná fi ń dínkù ní nǹkan bí ìdá 27 nínú 100 bí cGMP bá fi ìdá 10 nínú 100 péré dínkù.

Jẹ́ kí àwòṣe náà ṣiṣẹ́ fún 60 ìṣẹ́jú àáyá láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ìlà gíráàfù gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní ohun tó ń wọlé tí kò bá ohun tó ń jáde dọ́gba, ọ̀dọ̀ kálísíọ̀mù ló sì sábà máa ń wà. Ẹ̀rọ tó ń lé kálísíọ̀mù jáde máa ń gba sódíọ̀mù 4 wọlé, á lé kálísíọ̀mù 1 àti pọtásíọ̀mù 1 jáde. 4 wọlé, 3 jáde: ẹyọ iná 1 ló ṣẹ́kù fún kálísíọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ 2 ni kálísíọ̀mù gbé wọlé láti ihò. Nítorí náà, nínú òkùnkùn, iná ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì iná tí kálísíọ̀mù gbé wọlé. Yẹ ìwọ̀n wò pẹ̀lú: iná kálísíọ̀mù 1 pA (ìwọ̀n iná tó kéré gan-an) nínú omi sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ píkólítà 1 jẹ́ 5.2 µM ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kóòdù rẹ bá mú 5200 jáde, o mọ ibi tí o ti ṣì í: nM lo fi rọ́pò µM. Rántí pé èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ̀mù ló lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì. Bí o bá gbàgbé wọn, kálísíọ̀mù á já wálẹ̀ lójijì, ìdáhùn rẹ á sì parí kíákíá ju ti ojú gidi lọ.

Ó wá kan ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ ìdá 2 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, kí gíráàfù má sì mira rárá. Wọ́n á máa tú gbogbo kẹ́míkà wò. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: wo ìgbésẹ̀ àkókò. Kóòdù tó ń yan ìgbésẹ̀ fúnra rẹ̀ rí i pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn, ó gbé ìgbésẹ̀ gígùn, ó sì fò kọjá ìmọ́lẹ̀ náà. Dá ìṣirò náà dúró ní ìṣẹ́jú àáyá tí ìmọ́lẹ̀ dé, fi iye rhodopsin tó jí kún un, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ líle ní wàhálà tirẹ̀: PDE á pọ̀ gan-an, bí ìgbésẹ̀ Euler, ọ̀nà ìṣirò tó rọrùn jù, bá sì gùn jù, cGMP á lọ sísàlẹ̀ òdo, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Nínú SciPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python, lo BDF tàbí LSODA, àwọn ọ̀nà ìṣirò tó lè fara da irú ìyípadà yíyára bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra jù rèé. Ohun méjì ló ń pa ìdáhùn ìmọ́lẹ̀ kékeré: rhodopsin fúnra rẹ̀ tó ń kú, àti PDE tó ń sùn padà. Gbà pé ọ̀kan gba 40 ms (ìdá 40 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá), èkejì 200 ms. Bí o bá kọ ìdọ́gba PDE sílẹ̀, á jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìlà méjì tó ń rọ̀, tí a fi ìyàtọ̀ ìwọ̀n wọn pín. Pààrọ̀ wọn, sọ 40 di ti PDE, sọ 200 di ti rhodopsin: ìlà kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Nítorí náà, bó ti wù kí gíráàfù rẹ bá ti ojú gidi mu tó, kò lè sọ ẹni tó ni 200 ms fún ọ. Ìmọ́lẹ̀ líle lè fún ọ ní iye náà, nípa wíwo bí àkókò tí ìdáhùn fi wà lókè pátápátá ṣe ń gùn sí i bí o ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po, ṣùgbọ́n kò ní sọ ẹni tó ni ín. Èkúté tí a fi kún RGS9 rẹ̀, ìyẹn purotéènì tó ń mú PDE sùn, ló tú u fó ní 2006: ìdáhùn wọn yára parí. PDE ló ni 200 ms. Bí ẹnikẹ́ni bá mú iye méjèèjì jáde láti inú ìlà kan ṣoṣo, bi í bó ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti ta.

Má fi ìlà rẹ wé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ kékeré o. Bí ìpíndọ́gba rhodopsin tó jí bá jẹ́ 1, nínú 100 ìgbà, bíi 37 ni kò ní sí èyí tó jí rárá. Ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ìgbà ni kí o fi wé e.

Fi gíráàfù 60 ìṣẹ́jú àáyá inú òkùnkùn náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó tan ohunkóhun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.