Ọ̀dà Ilé Kọ́ Là Ń Kun Bàálù

Olóòtú,

Wọ́n tún ti ṣe é. Bàálù ogun àtijọ́ tó wà ní oríta wa ní Rẹ́mọ níbí, wọ́n tún ti fi ọ̀dà ilé kùn ún, ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri pálọ̀. Lójú ẹni tó ń fi mọ́tò kọjá, ó mọ́ tónítóní. Ẹ sún mọ́ ọn ná. Wọ́n kun táyà, wọ́n kun rífẹ́ẹ̀tì tó ti tú, wọ́n kun etí gíláàsì orí awakọ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ tó wà nínú ihò ẹ́ńjìnnì nìkan ni búrọ́ọ̀ṣì wọn kò dé.

Ọ̀dà olómi kì í di álúmíníọ́mù mú. Ṣe ló ń mu omi bíi kànìnkànìn, tí yóò sì gbé omi náà lé ara bàálù tọ̀sán-tòru. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun bíi láfún ti ń hù. Ìpẹtà álúmíníọ́mù nìyẹn. Kì í pọ́n bíi ti irin, àwọn tó gba iṣẹ́ náà sì rò pé ìdọ̀tí lásán ni, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin tì í. Èérún irin á wọ inú álúmíníọ́mù, ibi tí wọ́n ha yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ lu.

Ẹni tó bá ti bá wọn se ọṣẹ rí mọ̀ pé a kì í po kọ́ósítíìkì sódà sínú ìkòkò álúmíníọ́mù, yóò jẹ ìkòkò náà ni. Sìmẹ́ńtì tútù náà ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kọnkéré ni wọ́n dà mọ́ ìkùn bàálù yìí níbi tó ti jókòó lórí òpó. Bọ́ọ̀tì tirẹ̀, irin tí wọ́n fi cadmium, mẹ́tààlì aṣọ́ra-fún-ìpẹtà, bò kó má baà bá álúmíníọ́mù jà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi bọ́ọ̀tì géètì dí ààyè rẹ̀. Bí òjò bá ti wọ àárín àwọn méjèèjì, bátìrì ni wọ́n dà yẹn, álúmíníọ́mù ni yóò sì máa jẹ tán. Wọ́n wá gbé imú rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fò. Ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ bàálù, ìgbà tó bá dúró lórí táyà rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ní báyìí gbogbo omi ń wọ́ lọ sí ìdí rẹ̀, ọ̀dà ilé sì ti dí ìwọ̀nba ihò tó wà níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n tún un ṣe kó máa fò. Wọ́n ti lu ihò bọ́ọ̀tì gba inú ọ̀pá tó gbé apá rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ fífò ti tán.

Àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé owó ọ̀dà lọ́dọọdún kò ṣe fi owó náà kọ́ òrùlé? Òrùlé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Delfin àti MiG-17, irú bàálù ogun méjì tí ológun òfuurufú wa gbà ní 1967 nígbà ogun abẹ́lé, kò tóbi: Delfin gùn ní mítà 10.81, apá rẹ̀ fẹ̀ ní 10.29; MiG-17 gùn ní 11.26, apá rẹ̀ 9.63. Ilé onípáànù tó gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní 13, tó ga ní 5, yóò gba èyíkéyìí nínú wọn. Kí wọ́n má mọ ògiri yí i ká, ooru Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ yóò sọ ọ́ di ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀; wáyà ni kí wọ́n fi yí i ká, kí páànù yọ síta ní mítà kan ààbọ̀ nítorí òjò tó ń fẹ́ wọlé. Kí kọnkéré ilẹ̀ gbẹ dáadáa kí bàálù tó dé orí rẹ̀. Irin ìdúró ni kó gbé e níbi tí jáàkì rẹ̀ ń wọ̀, rọ́bà láàárín, kí táyà má gbé ẹrù kankan. Ẹ kọ́ ọ sí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, àlejò yóò rí i. Amọ̀ ni Eredo Sùngbọ́, odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ti fara da òjò ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Álúmíníọ́mù kò ní irú ìfaradà yẹn.

Abẹ́ òrùlé náà ni wọ́n ti lè wá kùn ún bó ṣe yẹ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ike ha á, kí wọ́n fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy kùn ún ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá ha á tán, kí polyurethane, ọ̀dà òkè, tó gùn ún. Àwọn pénítà mọ́tò ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí a ṣe ń po hádínà, èyí tí ń mú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ilé, rárá o!

Kí ológun òfuurufú wá wò ó bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú àga tí ń ju awakọ̀ síta, àwọn ọmọdé ń gun bàálù náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí aago inú rẹ̀: radium ló sábà máa ń wà lójú irú aago bẹ́ẹ̀, ó sì lé ní ọdún 1,500 kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì.

Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tú ihò ìdí rẹ̀. Gíláàsì orí awakọ̀ yẹn, ike ni. Omi lílọ́ wọ́rọ́ àti ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bọ́ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Bí tíńà bá kàn án, yóò sán wẹ́wẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìpẹru-Rẹ́mọ