Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n màámi tó gbààwẹ̀ nítorí mi

Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n màámi,

Mo kúnlẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Bọ̀ọ̀dá tú àṣírí yín fún mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún yín pé mo ń lọ rí dókítà wèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣé gan-an, mà. Àdúrà kì í pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n orí mi ò dàrú. Kí Bọ̀ọ̀dá bá mi ka lẹ́tà yìí fún yín díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má sì fo ibì kankan.

Iṣẹ́ ni mo ń kọ́. Mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì mi, òru mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé kan lóṣù ni mo fi ń lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti di psychotherapist, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ nìkan tọ́jú àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, láìkọ oògùn. Mo ti lo ọdún méjì, ó kù méjì, bóyá mẹ́ta, torí àwa tí a ń pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ò lè sáré. Kí UKCP, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, tó lè kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ti jókòó ti àwọn oníbàárà fún wákàtí 450, kí ọ̀gá kan sì máa yẹ iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti ṣe 83. Mò ń kà á bí ẹni ń ka owó èsúsú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Kí n tó lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú yìí, orúkọ mi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé NMC, àjọ tó ń kọ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò dáàbò bo orúkọ psychotherapist. Ẹnikẹ́ni lè kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbọ́n fi máa ń béèrè bóyá èèyàn wà nínú ìwé UKCP tàbí ti ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀, BPC tàbí BACP, kó tó jókòó. Mo lè ti fi owó ilé ẹ̀kọ́ yìí ra pátákó ńlá kan.

Ní ti dókítà tí wọ́n sọ fún yín, ilé ẹ̀kọ́ ló ní dandan ni kí n lọ. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú ọkàn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn fúnra rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi parí ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin aláró, ẹ ò lè gba ọmọṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ òun dúdú. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń ki ọwọ́ tèmi bọ̀kòkò. £60 ni mò ń san lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá ṣẹ́ ẹ sí náírà fún yín, kí ẹ má baà tún gbààwẹ̀ mìíràn.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà fún yín, èèwọ̀ iṣẹ́ ni. Tara mi nìkan ni mo lè sọ. Yàrá kékeré ni, àga méjì, páálí tíṣù lórí tábìlì, aago lẹ́yìn oníbàárà kí n lè máa wò ó láìgbé orí. Àádọ́ta ìṣẹ́jú. Wọ́n ti kọ́ wa pé ká dìde, ká kí èèyàn, ká jókòó. Lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà kan láti ilé wa lọ́hùn-ún wọlé, orúnkún mi sì tẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí n tó fa ara mi gòkè. Mo díbọ́n pé mò ń mú bírò.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, omi sì lé lójú wọn. Ẹnu mi yára ju mí lọ: "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má sunkún mọ́. Ọlọ́run ń bẹ." Wọ́n nu ojú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sì fi gbogbo ìṣẹ́jú tó kù sọ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń pẹ́ dé.

Nígbà tí mo ro ó fún ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò, ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Ṣé àwọn lo ń rẹ̀ lẹ́kún ni, àbí ara rẹ?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sórí àga tèmi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibẹ̀ ni mo sì ti rántí yín. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí màámi kú, ẹ̀yin lẹ pè mí. Àárín iṣẹ́ òru ni, mo dúró sí yàrá ìkẹ́rù ọsibítù. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò lè wálé sin wọ́n. Ẹ ní, "Gbé e mọ́ra. Ìwọ làgbà." Mo gbé e mọ́ra lóòótọ́. Mo bọ́jú, mo padà lọ pín oògùn. Mi ò fi yín sùn o, mà. Àbúrò yín lẹ pàdánù lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì rántí pé mo kí yín.

Ọ̀rọ̀ Aro ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ní kíláàsì, wọ́n sọ ìtàn iṣẹ́ yìí fún wa: Freud, dókítà tó fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn ní Vienna, bó ṣe sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1938, bó ṣe kú níbí lọ́dún kejì. Mo nawọ́. Mo sọ fún wọn nípa Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ ní Aro, ọsibítù ọpọlọ níbẹ̀, lọ́dún 1954, tí kò kó gbogbo aláìsàn tì mọ́lé. Ó fi wọ́n sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí kan ń bá kálukú wọn wá, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, wọ́n ń padà wálé. Ó pe àwọn babaláwo mọ́ iṣẹ́ náà. Mo ní ìyá àgbà mi gbà wọ́n sílé. Níbí, tí ẹbí oníbàárà bá tẹ̀ lé e wá, ìta ni yóò dúró. Kíláàsì dákẹ́. Olùkọ́ wa wá bi mí pé kí ni àwọn onílé máa ń ṣe fún wọn, kí ni wọ́n máa ń bá wọn sọ lálẹ́.

Mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín nípa obìnrin aláìsàn tó sùn ní yàrá ẹ̀yìn, tó máa ń bá yín fọ̀ṣọ, ẹ máa ń ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n fi Aro bú yín níléèwé. Títí dòní, bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ bú èèyàn, wọ́n á ní Aro ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni orúkọ tí ẹ máa ń pè é? Ta ló tẹ̀ lé e wá?

Mo máa pè yín lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ní kí Bọ̀ọ̀dá ra dátà sórí fóònù yín, èyí tó máa tó wákàtí méjì. Tí ẹkún bá dé, mi ò ní sọ pẹ̀lẹ́.

Èmi ni, ọmọ àbúrò yín.