Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ohun mímu píà àti ọsàn yín fi di pupa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kubwa, Gwarinpa, Lugbe àti ibi gbogbo tí ọjà wa ń dé ní Abuja, ẹ kú sùúrù.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní zobo ojú títì ni mo ń tà fún òun báyìí. Ẹlòmíràn ní mo fẹ́ fi owó oníbàárà kọ́lé. Ọ̀pọ̀ yín ní ó ti kan jù. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi.

Àpò tí ẹ ń rà ní ₦9,500, tó ní píà méjì, ọsàn, àti ìgò kékeré omi òdòdó òkè òkun, ti di ₦12,000. Omi òdòdó inú rẹ̀ sì ti di ti ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe zobo.

Elderflower ni orúkọ òdòdó àtijọ́ yẹn, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó ń hù ní Yúróòpù. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó. Nígbà yẹn, dọ́là kan kò tó ₦400. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá ₦1,500. Èrè ara mi ni mo ń gé kí n má baà fi kún owó yín. Ẹ kò mọ̀, n kò sì sọ fún yín.

Kì í ṣe dọ́là ló dùn mí jù. Dìsẹ́ńbà tó kọjá, mo san owó ìgò 40 fún ọkùnrin yìí, owó pé pérépéré. Ó ní ọjà wà ní èbúté, ó ní ó kù ọ̀la, ó ní ó kù ọ̀tunla. Ìgò 18 ló fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn, mo sì tọ́ ọ wò: wọ́n ti fi omi ṣúgà là á. Àwọn tó kù, ó ti tà wọ́n fún òtẹ́ẹ̀lì tó san ju tèmi lọ. Nígbà tí mo pè é, ó ní, "Màdámù, ẹ má bínú, ọjà ni." N kò gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń ṣe é. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, mo fi aṣọ ọmọ ránṣẹ́ láti Abuja. Títí di òní, ìdajì owó mi ni mo rí gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ sanwó ní Dìsẹ́ńbà tí ẹ kò rí ọjà, a ti ń dá owó yín padà.

Kano àti Jigawa ni ìṣápá tí mo ń lò báyìí ti ń wá. Àjèjì kọ́ ló jẹ́ sí wa: funfun rẹ̀ ni àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. N kì í gbé e kaná bíi ti zobo, n kì í fi atalẹ̀ tàbí kànáfùrù sí i. Omi tútù ni mo fi ń rẹ ẹ́ mọ́jú nínú fíríìjì, kí òórùn rẹ̀ má baà bá ooru lọ, kí n tó po ṣúgà mọ́ ọn. Fíríìjì yẹn kò gbọdọ̀ kú, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà.

Ẹ dákun, píà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a fi ń jẹ búrẹ́dì. Oníbàárà kan ti lọ̀ ọ́ mọ́ ọsàn rí, ó sì pè mí pẹ̀lú ìbínú. Píà òyìnbó ni, tó ń bọ̀ láti South Africa. Líle ni wọ́n ń já a, inú òtútù ló sì ń gbà dé. Tó bá le, ẹ fi í sínú àpò pépà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n, fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Ẹ máa tẹ ọrùn rẹ̀ wò. Inú ni píà ti ń rọ̀ bọ̀ síta. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ikùn rẹ̀ bá rọ̀, àárín rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ bó o, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀ kó má baà dúdú. Fún ife kan: omi píà 60 ml, omi ọsàn mímu 30 ml, omi ìṣápá 20 ml, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 15 ml péré. Tẹ́lẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 30 ml ni mo ń ní kí ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ìṣápá fúnra rẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn yín ti wá: ìwọ̀n àtijọ́ ni ẹ ṣì ń lò. Ẹni tó ń mu ọtí, kó fi jíìnì 45 ml sí i. Ẹ kó yìnyín kún ìgò tó ní ìdérí, ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i, ẹ mì í títí ara ìgò yóò fi tutù lọ́wọ́ yín, ẹ sẹ́ ẹ sínú ife. Ẹni tí kì í mu ọtí, kó bu omi sódà lé e lẹ́yìn tó bá ti mì í tán, torí sódà kò gbọdọ̀ wọ inú ohun tí à ń mì.

Mo ti fi ìgò ìṣápá kékeré kan sínú ẹrù gbogbo ẹni tó bá rajà lọ́sẹ̀ yìí, n kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ẹ fi ìwọ̀n tuntun yìí po ó, ẹ mu ún, kí ẹ tó kọ̀wé sí mi.