Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì wá bá àwọn sójà àtijọ́ lábúlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́ tó padà sídìí oko ní Èkìtì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta. Àyẹ̀wò tí ìjọba fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láàyè ti di ìyà fún wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò le rárá ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn. Bàbá Sójà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n ní abúlé wa, ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ọdún 1967 tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wọṣẹ́ ológun, nígbà tí irùngbọ̀n wọn kò tíì hù dáadáa. Abẹ́ Benjamin Adékúnlé, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Black Scorpion, ni wọ́n ti jà. Nígbà tí Ọbásanjọ́ gba ipò ọ̀gá ọmọ ogun lọ́wọ́ Adékúnlé ní 1969, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, títí ogun fi parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun náà púpọ̀. Èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀: wọ́n ní nínú ẹrọ̀fọ̀ àgbègbè odò lọ́hùn-ún, bàtà kì í gbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ á funfun, á sì máa bó. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ṣì wà nínú iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá sílé.

Láti ìgbà náà, oko ni. Iṣu ni wọ́n ń gbìn jù, kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, pákí sì wà lápá ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dé oko yẹn kò ní í béèrè iṣẹ́ tí olóko ti ṣe rí. Okùn ni wọ́n máa ń ta láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kí wọ́n tó kọ ebè. Bí ọmọ tó bá wọn kọ ọ́ bá kọ ọ́ wọ́, wọ́n á ní kó tú u kó tún un kọ. Ọkọ́ àti àdá wọn kì í sùn sóko, wọn kì í sì í fi erùpẹ̀ sùn. Aago márùn-ún ìdájí ti ń bá wọn nínú aṣọ oko. Owó iṣu yìí ló rán èmi àti àwọn àbúrò mi níwèé. Torí náà, mi ò lè ya ara mi kúrò nínú ohun tí mò ń sọ.

Owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń san owó lébìrà nígbà ìkọbè, torí ọwọ́ wọn nìkan kò ká a mọ́. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. A gun ọ̀kadà dé títì, a wọ mọ́tò lọ sí Adó, a sì tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn arúgbó mìíràn, àwọn kan lórí ọ̀pá, ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ pọ̀n wá sí ẹ̀yìn. Nígbà tó kàn wá, ẹ̀rọ kò gba ìtẹ̀ka Bàbá.

Wọ́n tẹ àtàǹpàkò, ó kọ̀. Wọ́n tẹ ìka ìlábẹ̀, ó kọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ní sùúrù, kò fi wọ́n wọ́lẹ̀ rárá. Ó ní kí wọ́n lọ fọ ọwọ́, wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Ẹnì kan ra ọsàn wẹ́wẹ́ wá, a fi pa á. Mo mú ọwọ́ náà lọ́wọ́, mo wò ó dáadáa: orí ìka márààrún dán, kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́. Ibi tí kò dán ti ya, oje kòkó sì ti wọ inú ibi tó ya ọ̀hún, ó dúdú. Ẹ̀rúkọ́ ló nu ìlà náà kúrò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ni kò gbà." Wọ́n ní ká padà wá. Kí a tó yanjú rẹ̀, owó ti dúró fún oṣù mélòó kan. Ìwé ìfẹ̀yìntì wọn wà nínú agolo, pẹ̀lú fọ́tò wọn nínú aṣọ sójà, gbogbo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìka ni wọ́n ń wá.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe àyẹ̀wò o. Àwọn tó ń fi orúkọ òkú gba owó wà, owó ìlú sì ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìka àgbẹ̀ kì í ṣe ìka akọ̀wé, ó sì yẹ kí ẹni tó ṣètò àyẹ̀wò fún àwọn arúgbó ti ro èyí ṣáájú. Wọ́n lè fi ojú dá ènìyàn mọ̀. Ọba ìlú tàbí baálẹ̀ lè jẹ́rìí sí ẹni tó mọ̀ látìgbà èwe. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń rí wọn nígbà gbogbo, ó lè fọwọ́ sí ìwé pé òun rí Bàbá lónìí. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì. Bí ẹ̀rọ náà bá lè dé Adó, ó lè dé Ìkọ̀lé, ó lè dé Òmùò. Ẹni tí kò lè dìde, kí wọ́n bá a nílé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni àwọn agbébọn pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Elẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà ní agbègbè wa níbí. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fi oko ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, àwọn ará ilé kì í sì í fẹ́ kí arúgbó rin ìrìn àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìjọba wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jí lóru kó lè bá ìlà ní Adó.

Gbogbo 15 oṣù kìn-ín-ní ni a máa ń gbé òdòdó kalẹ̀ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èkìtì mọ iyì ológun: Adó ni Fájuyì, sójà tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ti wá, ẹni tí wọ́n pa pẹ̀lú Ironsi, olórí ìjọba ológun, ní oṣù keje ọdún 1966, a ò sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó ti ogun bọ̀ láàyè ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọn kò pọ̀ mọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aṣojú wa l'Abuja bóyá wọ́n ti mọ iye sójà àtijọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn, kí wọ́n sì gbé orúkọ wọn lọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò kí ọjọ́ tó ń bọ̀ tó dé. Bí wọ́n bá nílò ẹni tí yóò mú wọn láti ilé dé ilé ní apá ọ̀dọ̀ wa, mo ti ṣetán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ìpínlẹ̀ Èkìtì