Lẹ́tà ẹ̀sùn: Òwú tí ẹ tà fún mi kì í ṣe irun àgùntàn

Kàbbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Oṣù Kìíní, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ tó ta òwú fún mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó oníbàárà,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÒWÚ ÀTI ÌWÉ BÁTÀNÌ SÚWẸ́TÀ OBÌNRIN ALÁÌLÁPÁ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀lù òwú mẹ́jọ ni mo rà lọ́wọ́ yín, aláwọ̀ obì pupa, gíráàmù 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún ra ìwé bátànì súwẹ́tà obìnrin aláìlápá pẹ̀lú rẹ̀. ₦48,000 ni mo san lórí òwú, ₦4,000 lórí ìwé, mo sì fi ₦3,500 san wébíìlì láti Èkó dé páàkì Kàbbà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦55,500. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí ẹ kọ sára bébà tó yí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ká ni pé irun àgùntàn pọ́ńbélé ni, 100%. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe san iye tí ẹ dá lé e. Bí mo bá fẹ́ òwú oníke, ó wà lọ́jà Kàbbà níbí, kò sì tó ìdajì owó yín.

Ìyá ọkọ mi tó ń gbé ní Ìsánlú ni mo ń hun ún fún. Ẹni tó bá ti gbé lágbègbè wa nígbà ọyẹ́ mọ bí òtútù ṣe ń mú láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn àwọn òkè. Màmá ṣì ń dín gààrí fúnra wọn. Wọn ò fẹ́ súwẹ́tà alápá tí yóò máa bá ọwọ́ wọn wọ inú agbada, àyà àti ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ní kí n bá àwọn bò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ gààrí yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀sùn mi gan-an wà.

Nígbà tí mo hun ẹ̀yìn aṣọ náà tán, mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún irun àgùntàn, mo nà án sórí aṣọ ìnura, mo sì fi pín-ìnnì kàn án mọ́lẹ̀ yíká kí bátànì rẹ̀ lè là dáadáa. Irun àgùntàn tó bá gbẹ báyẹn máa ń dúró síbi tí a bá nà án dé. Èyí kò dúró. Bí mo ṣe yọ pín-ìnnì tán ló sún kì, tí bátànì náà sì rún pọ̀. Mo gbé e kọ́rùn wò, ó ń ta pàrà-pàrà nínú ọyẹ́, ó ń fa irun orí mi.

Ara fu mí. Mo já fọ́nrán kan, mo dì í mú lókè abọ́ omi, mo ṣáná sí i. Irun àgùntàn kì í fẹ́ gbaná. Bó bá jó, òórùn irun tó ń jóná ló máa ń ní, bí ẹ bá gbé iná kúrò á kú fúnra rẹ̀, eérú tó bá kù á sì fọ́ lúúlúú lábẹ́ ìka. Òwú yín yọ́ ni. Ó ń kán tó-tó sínú omi, èéfín rẹ̀ dúdú, iná kò sì kú títí mo fi tì í bọ omi. Kóró dúdú líle kan ló kù, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Mo já nínú bọ́ọ̀lù mìíràn, bákan náà ni. Ike ni, kì í ṣe irun ẹranko kankan.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Obìnrin arúgbó kan ni ì bá wọ nǹkan yẹn jókòó ti iná igi. Bí ẹ̀tàpàrà iná bá ta sí irun àgùntàn, á jó ojú kékeré kan, á sì kú. Bó bá ta sí èyí, á yọ́ lẹ̀ mọ́ ara ni. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀, inú sì bí mi.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà tó ń fi hàn pé inú aró kan náà ni wọ́n ti rẹ òwú yàtọ̀ lára bọ́ọ̀lù méjì nínú mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ ọ́ sí yín kí n tó sanwó pé kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìwé bátànì yín náà kò pé. Ojú ìhun mẹ́jọ-mẹ́jọ ni bátànì náà ń tún ara rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú ojú méjì létí. Ẹ ní ká fi ojú 98 bẹ̀rẹ̀ etí ìsàlẹ̀, ìyẹn dáa, nítorí mẹ́jọ lọ́nà méjìlá jẹ́ 96. Lẹ́yìn náà ẹ ní ká fi ojú kún un kó di 104. Ẹ yọ méjì etí kúrò, 102 ló kù, mẹ́jọ kò sì pín in dọ́gba. Ojú mẹ́fà ló máa ṣẹ́ kù tí bátànì á já sí. 106 ló yẹ kó jẹ́. Mo ti tún tèmi ṣe, àmọ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa tú u, á tún un hun, á sì máa rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa.

Àwa Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, kì í ṣe àlejò nídìí òwú. Àwọn ìyá Bùnú, tí wọ́n jẹ́ ara wa, hun aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, lórí òfì olóòró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibi tí a kò ti ní dá òwú mọ̀ ni òun ń fi ọjà ránṣẹ́ sí.

Òṣìṣẹ́ yín tó dá mi lóhùn lórí WhatsApp ní ẹ kì í gba òwú tí wọ́n bá ti hun padà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú òwú láì hun ún? Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, kò fàyè gba kí oníṣòwò parọ́ nípa ohun tó ń tà.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹ dá ₦55,500 mi padà, títí kan owó wébíìlì. Mi ò fẹ́ òwú mìíràn dípò rẹ̀. Ẹ bọ́ bébà irọ́ yẹn kúrò lára ọjà yín, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti ra irú rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń hunṣọ fún ọmọdé àti arúgbó, pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́ sún mọ́ iná. Ẹ tún ìwé bátànì yẹn tẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tó kù, ẹ̀yìn aṣọ tí mo hun àti àwọn bébà ara wọn wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ lè rán ẹni tí yóò wá gbà wọ́n, lówó ara yín. Mo fi àwòrán wọn mọ́ lẹ́tà yìí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí mi ò gbúròó yín, màá gbé ẹ̀sùn náà lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kàbbà.