Pádì tó le jù kọ́ ló yẹ ọkọ̀ àtijọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó ṣì ń wa Benz àtijọ́ n'Ílọrin, pàápàá W123, irú èyí tó jáde lọ́dún 1976.

Tí wọ́n bá lọ ra pádì bíréèkì ní Ọ̀nà Táíwò, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Alájì, ẹ mú eléyìí, ó le, ó máa pẹ́." Òótọ́ ni, pádì á pẹ́, dískì (irin róbótó tó ń bá táyà yí, tí pádì ń fún mú) ni ò ní pẹ́. Pádì tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ a máa ha dískì, àwọn kan kì í sì í mú dáadáa àfi tí wọ́n bá gbóná. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹ̀ jẹ́ẹ́ láti Táńkẹ̀ lọ Ọjà Ọba, níbo ni yóò ti gbóná?

Ẹ wo ẹ̀yìn tàbí etí pádì. Lẹ́tà méjì máa ń wà níparí nọ́ńbà ibẹ̀: EE, FF, GG, tàbí kí wọ́n dà pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná jù, ìkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. Tí a bá fi nọ́ńbà wọn bó ṣe ń mú, E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45; èyí tó ga jù ló ń mú jù. FF ni kí ẹ rà. Agbára FE máa ń dín kù tó bá gbóná, kò dáa fún ẹni tó ń di ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lókè Òró-Àgọ́. (Lẹ́tà méjì ara pádì yìí ò sọ bó ṣe máa pẹ́ sí o.)

Kálípà ni irin tó ń ti pádì mọ́ dískì. Ti ilé iṣẹ́ ATE wà níwájú W123, ti Bendix náà wà, pádì wọn ò sì jọra. Ẹ tú táyà, ẹ ka orúkọ ara kálípà kí ẹ tó lọ sọ́jà. Kí pádì tuntun ní ihò tí wáyà iná ìkìlọ̀ ń wọ̀. Tí kò bá ní, mẹkáníìkì á gé wáyà náà dànù, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ò sì ní tàn mọ́ tí pádì bá jẹ tán. Mẹ́rin lẹ ó rà, fún táyà iwájú méjèèjì. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Rárá.

Kí wọ́n fa díẹ̀ nínú ọ́ìlì bíréèkì kúrò kí wọ́n tó ti písítìn inú kálípà wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kún dà sílẹ̀, á bó ọ̀dà ọkọ̀. Kí wọ́n má fẹ́ eruku ibẹ̀: asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ pádì àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Tí táyà ò bá wá yí dáadáa, kí wọ́n yẹ họ́ọ̀sì rọ́bà wò kí wọ́n tó bú pádì. Inú ẹ̀ a máa wú, a sì há ọ́ìlì mọ́ kálípà.

Lẹ́yìn náà, kí pádì tuntun lè bá dískì mu, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí, ẹ sáré dé kìlómítà 50 ní wákàtí kan, kí ẹ rọra tẹ bíréèkì títí dé 10 láìdúró, bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ máa jẹ́ kó tutù díẹ̀ láàárín.

Òǹkàwé yín,
Táńkẹ̀, Ìlọrin