Ọmọ tó lóyún, ọsibítù ló kàn, ìjà lè dúró

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, torí tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọdébìnrin kan lóyún báyìí, ìwà ẹ̀ ni gbogbo ayé á máa sọ, ta ló kọ́ ọ, kí ni ìyá ẹ̀ ń wò, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá ara ọmọ yẹn lè gbé oyún ọ̀hún.

Ọmọ ọdún 14 tàbí 15, egungun ìbàdí ẹ̀ ṣì ń dàgbà, ó lè má fẹ̀ tó kí orí ọmọ gbabẹ̀ kọjá, tó bá wá ń rọbí níbi tí kò ti sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un kíákíá, ó lè wà lórí ìrọbí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, orí ọmọ á fún ẹran tó wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara mọ́ egungun títí ibẹ̀ á fi kú tí á sì lu. Látìgbà yẹn ìtọ̀ á kàn máa dà ni, tọ̀sán tòru. Fistula ni wọ́n ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ inú ò ní yè. Iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe o, àmọ́ kó tó débẹ̀ àwọn èèyàn ti ń sá fún un torí òórùn. Ká má tíì sọ ti gìrì aboyún àti àìtó ẹ̀jẹ̀, àti ọmọ tí wọ́n ń bí láìpé oṣù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fúnra wọn sọ pé wàhálà oyún àti ìbímọ wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 jù lágbàáyé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n lè tètè rí. Wọ́n á yẹ BP ẹ̀ wò, wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n á fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé bàbá òun máa lé òun síta, ṣé á sọ ni? Á fi aṣọ dikùn títí oyún á fi wọ oṣù karùn-ún, kẹfà, òmíì á gba ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe dókítà lọ kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ. Tó bá tiẹ̀ wá dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan á ti pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo aboyún, ìyẹn ò sì ní padà wá mọ́ láé.

Ẹni tó fún un lóyún ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣẹgbẹ́ ẹ̀ rárá, géńdé ọkùnrin ni, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin nìkan ni iléèwé ń lé. Sierra Leone fòfin de àwọn aboyún níléèwé lọ́dún 2015, kóòtù ECOWAS ní kò bófin mu lọ́dún 2019, ìjọba ò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ àfi ìgbà tó di 2020. Tanzania náà, ó di 2021 kí wọ́n tó gbà káwọn ọmọ tó ti bímọ padà síléèwé. Gbogbo àwọn tọ́dún wọn ti lọ yẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ lè bá a jà tẹ́ ẹ bá délé. Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ bá wa wá agbẹ̀bí kan tó máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yín, ní Yorùbá tó yé ọmọdé, pé orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú àti ojú wíwú nínú oyún, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sùn lé lórí.

Èmi ni òǹkàwé yín, ìyá ọmọbìnrin